Bí kọ̀ǹpútà bá ń háńgì, ẹ má tètè fọ́máàtì rẹ̀: àléébù lè wà nínú ètò háàdì dísíìkì

Ẹni tó bá mọ Ògùnpa n'Ìbàdàn yóò ti gbọ́ nípa omíyalé oṣù kẹjọ ọdún 1980, tó gbé ilé àti ọjà lọ, tó sì gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ̀kọ́ ńlá ni pé kò yẹ kí gbogbo ohun ìní ẹni wà lójú kan ṣoṣo. Lóde òní tí àkọsílẹ̀ ọjà, gbèsè oníbàárà àti fọ́tò ìdílé ti ń gbé inú kọ̀ǹpútà, ẹ̀kọ́ yìí kan háàdì dísíìkì tó ń kó wọn pamọ́ náà.

Bí kọ̀ǹpútà bá dúró gbagidi, fáírọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń fura sí. Òótọ́ ni pé fáírọ́ọ̀sì, ooru, eruku tàbí wáyà tó dẹ̀ lè fà á. Ṣùgbọ́n háàdì dísíìkì ní ètò tirẹ̀ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ sínú rẹ̀ láti máa darí rẹ̀. Firmware ni wọ́n ń pè é. Bí àléébù bá wà nínú ètò yìí, fọ́máàtì kò lè wò ó sàn, nítorí pé fọ́máàtì kì í dé ibi tó wà.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ìparí ọdún 2008, àwọn kan lára dísíìkì Seagate tó ń jẹ́ Barracuda 7200.11 ń dákẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, ó hàn pé òmíràn nínú wọn kì í jí mọ́ bí wọ́n bá pa á tí wọ́n sì tún un tàn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò bàjẹ́, àmọ́ ọwọ́ kò tó o mọ́. Seagate gbé àtúnṣe jáde, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àtúnṣe náà tún ba dísíìkì mìíràn jẹ́, wọ́n sì fà á sẹ́yìn.

Bákan náà ni SSD Crucial m4: lẹ́yìn tó bá ti lo wákàtí 5,184, á háńgì, bí wọ́n bá tún un tàn, á ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí kan, á tún dákẹ́. Àtúnṣe oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012, tó ń jẹ́ 0309, ló yanjú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó ra dísíìkì tòkunbọ̀ fi gbọ́dọ̀ ṣọ́ra: wákàtí tí olówó àkọ́kọ́ ti lò wà lára òǹkà náà.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe rèé:

1. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣì ń tàn, ẹ kọ́kọ́ da gbogbo iṣẹ́ yín kọ sórí dísíìkì mìíràn.

2. Ẹ yẹ wáyà rẹ̀ wò, tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí dísíìkì bá ń dún kọ́kọ́kọ́, ara rẹ̀ ló ń bàjẹ́. Àtúnṣe ètò kò ní í ràn án lọ́wọ́.

3. Ẹ lo CrystalDiskInfo, tí kò gba owó, láti mọ orúkọ dísíìkì náà ní pàtó, nọ́ńbà firmware rẹ̀ àti wákàtí tó ti lò.

4. Ẹ gba àtúnṣe láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é nìkan, kí nọ́ńbà rẹ̀ sì bá ti dísíìkì yín mu rẹ́gí.

5. Ẹ má ṣe é lórí iná mànàmáná nìkan. Bí iná bá lọ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, dísíìkì lè kú pátápátá. Kí bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká kún dáadáa, tàbí kí ẹ lo UPS.

Bí dísíìkì kò bá jí rárá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́máàtì rẹ̀ kí onímọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbà tí òjò kò tíì ṣú ló yẹ kéèyàn ti gbé ẹrù rẹ̀ sókè.