Igi Eléso Ọgbà Ilé Iṣẹ́: Ta Ló Ni Ín?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ àti gbogbo òǹkàwé, ẹ wo orúkọ àdúgbò tí à ń pè ní Costain. Kò sí baálẹ̀ kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Orúkọ ilé iṣẹ́ kọ́lékọ́lé kan ni, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Liverpool lọ́dún 1865. Iṣẹ́ ló sọ àdúgbò lórúkọ. Iṣẹ́ yìí kan náà wà lára ohun tó kó igi eléso ilẹ̀ òkèèrè wọ àárín wa.

Láti Costain sí Èbúté-Mẹ́ta kò jìnnà. Ibẹ̀ ni Gómìnà Alfred Moloney dá ọgbà irúgbìn ìjọba sílẹ̀ sí lọ́dún 1887. Ọgbà Kew ní London ń fi irúgbìn ránṣẹ́ síbẹ̀, kí àwọn àgbẹ̀ wa lè rí i gbìn. Ibi iṣẹ́ ni, kì í ṣe oko ẹnikẹ́ni. Ní 1890, ìjọba dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Aburi, nílẹ̀ Gánà òní. Ti Aburi ṣì wà, àwọn èèyàn ń sanwó wọlé lọ wò ó. Ti Èbúté-Mẹ́ta ńkọ́? Ilé, ọ́fíìsì àti ọgbà rélùwéè ló kún àdúgbò yẹn báyìí.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí èdè wí. Ọ̀pẹ òyìnbó: orúkọ náà fúnra rẹ̀ sọ pé àlejò ni. Máńgòrò: láti gúúsù Íńdíà lọ́rọ̀ náà ti bọ́ sẹ́nu àwọn Potogí, kó tó dé ti Gẹ̀ẹ́sì. Òro wa, tí à ń fi kóró rẹ̀ se ọbẹ̀ àpọ̀n, làwọn Gẹ̀ẹ́sì wá ń pè ní máńgòrò inú igbó. Ṣé ẹ rí i? Àlejò ni wọ́n fi ń júwe onílé.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni fúrúùtù. Lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo èso lọ̀rọ̀ náà wà fún. Lẹ́nu ọmọ Èkó tó kàwé ní Surulere tàbí Yaba, igi kan ṣoṣo ni: èyí tí ẹ̀ka rẹ̀ tẹ́ bí agboòrùn, tí ewé rẹ̀ ń pọ́n kó tó já bọ́, tí ọmọdé ń jẹ ara èso rẹ̀ tán kó tó fi òkúta fọ́ kóró. Ọgbà ilé ìwé àti ti ọ́fíìsì ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Èyí tó wà nítòsí ló gba orúkọ gbogbo èso.

Nílẹ̀ Yorùbá, igi gbígbìn kì í ṣe ohun eré o. Àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ṣùgbọ́n tó bá kan obì tàbí kòkó, àfi kó gba àṣẹ onílẹ̀. Igi a máa pẹ́ ju àdéhùn lọ. Ẹni tó ni igi lè wá sọ pé òun ló ni ilẹ̀.

Òṣìṣẹ́ tó gbin máńgòrò sẹ́yìn ọ́fíìsì kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Igi tó ti inú kóró hù lè gba ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó so. Kó tó so, wọ́n ti lè gbé ọ̀gá lọ sí Kaduna, tàbí kó ti fẹ̀yìn tì. Mẹ́sẹ́ńjà, gádì àti ìyá olóúnjẹ ló máa jẹ ẹ́. Inú mi dùn sí i bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n igi tí gbogbo wa ni kò ní agbẹjọ́rò. Tí wọ́n bá ń wá àyè fún jẹnẹrétọ̀ tàbí ibi ìgbọ́kọ̀sí, òun ni àáké ń kọ́kọ́ bẹ̀ wò. Ẹni tó gbìn ín ti lọ. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ kò láṣẹ.

Àbá mi kò le. Ilé iṣẹ́ ń fi nọ́ńbà sára àga àti tábìlì. Kí ni igi ṣe tí kò lè wọ inú ìwé náà? Kí wọ́n kọ irú igi tó jẹ́, ẹni tó gbìn ín, àti ọdún tó gbìn ín. Ẹni tó bá fẹ́ gé e, kó fọwọ́ sí ìwé kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ka igi ọgbà yín lọ́la, kí ẹ sì fi orúkọ tí ẹ ń pè wọ́n ránṣẹ́ sí mi.