Oríkèé Ọ̀rọ̀ Gígùn

Ní ọdún 1787, ní ìlú Paris, Lavoisier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta gbé ìlànà ìsọlórúkọ ìmọ̀ kẹ́místírì jáde. Èdè Gíríìkì ni «oxygène» inú rẹ̀ ti wá: oxy ni kíkan, gène ni abí-nǹkan. Lavoisier gbà pé òun ni ó ń bí gbogbo ásíìdì. Ní 1810, Humphry Davy fi hàn pé ásíìdì wà tí kò ní in rárá. Síbẹ̀, orúkọ náà kò yí padà.

Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí sílébù. Nítorí náà ni a ṣe lè pè é ní ọ́-kí-sí-jìn. Oríkèé ìtumọ̀ kò fọ́: jìn dá dúró. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò pe háídírójìn, abí-omi, láìkọsẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó rántí pé ìtumọ̀ orúkọ kì í ṣe ẹ̀rí òtítọ́.