Ilẹ̀ Wa Fẹ̀, Èèyàn Wa Dà? Bí Wọ́n Ṣe Pín Nàìjíríà àti Bó Ṣe Kan Òkè Ògùn

 

Ẹ máa rántí àríyànjiyàn tó wáyé lórí Wáṣáàpù wa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ẹnì kan béèrè pé, "Kí ló dé tí Kánò fi ní ìjọba ìbílẹ̀ 44, tí Èkó ní 20?" Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ẹ̀ dìjà. Mi ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn torí àwọn àgbà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bọ́mọdé ò bá ìtàn, á bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn. Mo ti lọ kàwé díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìpín náà ò ti dọ́gba. Lọ́dún 1914, Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀. Lọ́dún 1939, wọ́n la Gúúsù sí méjì, Ìlà Oòrùn àti Ìwọ̀ Oòrùn, àmọ́ wọn ò fọwọ́ kan Àríwá. Nígbà tí òfin Richards fi máa dé lọ́dún 1946, ẹkùn mẹ́ta la ní, ṣùgbọ́n Àríwá nìkan ló ni nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n sì ka èèyàn ní 1952 sí 1953, Àríwá ní bíi mílíọ̀nù 16.8, Ìlà Oòrùn ní 7.2, àwa Ìwọ̀ Oòrùn ní bíi mílíọ̀nù mẹ́fà. Àwa la kéré jù.

Ẹ wá wò ó o. Ẹkùn tó kéré jù lérò yìí ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lóṣù kìíní ọdún 1955, tó sì dá tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ n'Íbàdàn lọ́dún 1959. A máa ń sọ pé ọgbọ́n Awólọ́wọ̀ ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n nìkan kọ́. Kòkó wà. Láyé ìgbà yẹn, ẹkùn tí owó ti wá ló máa ń gba èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, wọn kì í wo iye orí tó báyìí. Àríwá ní ẹ̀pà àti òwú ní tiwọn, ṣùgbọ́n ìjọba òyìnbó ti bá àwọn ẹmíà wọn ṣàdéhùn pé àwọn míṣọ́nnárì ò ní máa wọ ìlú Mùsùlùmí bó ṣe wù wọ́n, bẹ́ẹ̀ àwọn míṣọ́nnárì ló ń kọ́ ilé ìwé kiri nígbà náà. Torí náà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má pe ará Òkè Ọya ní ọ̀lẹ mọ́ lórí Wáṣáàpù wa.

Ìkànìyàn 1962 dàrú, wọ́n fagi lé e. Wọ́n tún un kà ní 1963, wọ́n ní a ti di mílíọ̀nù 55.7, Àríwá ní 29.8 nínú rẹ̀. Ìlà Oòrùn ò gbà. Láti ìgbà náà ni kíka orí ti di ogun ní Nàìjíríà, torí òun ni wọ́n fi ń pín ìjókòó ilé aṣòfin. Ti 1973 náà, wọ́n fagi lé e.

Kí wá ni ti Kánò àti Èkó? Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967, Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12, Kánò àti Èkó sì di ìpínlẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Lọ́dún 1991, wọ́n yọ Jìgáwà lára Kánò. Lónìí, Kánò ní 44, Jìgáwà ní 27, àpapọ̀ 71. Èkó ṣì wà ní 20. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìkànìyàn 2006 fún Kánò ní mílíọ̀nù 9.4, ó fún Èkó ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án àti díẹ̀. Èkó ò tiẹ̀ gbà, wọ́n ní àwọn ju mílíọ̀nù 17 lọ.

Ibi tó ti ń dunni ni owó. Nínú owó tí wọ́n ń pín láti Àbújá, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń pín lọ́gbọọgba, láìwo bí ẹnì kan ṣe tóbi tó. Ìdá 30 ń lọ sórí iye èèyàn. Ìwọ̀n ilẹ̀ àti bí ilẹ̀ ṣe rí, ìdá 10 péré. Ìyókù, wọ́n pín in sí ètò ìgbáyé-gbádùn àti owó tí kálukú ń pa wọlé.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa. Ọ̀yọ́ tiwa ní 33, bẹ́ẹ̀ èèyàn bíi mílíọ̀nù 5.6 la ní lọ́dún 2006. Àwa náà ń jẹ nínú ohun tí à ń pariwo lé lórí. Nínú Ọ̀yọ́ náà ńkọ́? Ìbàdàn ní 11, Òkè Ògùn 10, Ògbómọ̀ṣọ́ 5, Ọ̀yọ́ 4, Ìbàràpá 3. Nínú márààrún, ilẹ̀ tiwa ló fẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í dìbò, ilẹ̀ kì í sì í lọ sílé ìwé. Àwọn ọmọ wa ti wà n'Íbàdàn, l'Ékòó, àti nílùú òyìnbó.

Láti 2006, a ò tíì ka èèyàn mọ́. Ti 2023, wọ́n sún un síwájú. Ọmọ tí wọ́n bí kété lẹ́yìn ìkànìyàn 2006 ti dàgbà débi àtidìbò, síbẹ̀ kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi ń pín owó.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan yan ọ̀dọ́ kan tó mọ̀wé, kó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀ sílẹ̀: àgbà, ọmọ ọwọ́, ìyá arúgbó tí kì í jáde, Fúlàní tó wà lábúlé wa. Ká má fi orúkọ òkú kún un o. Ká má sì kó èèyàn wá láti Èkó wá di ẹni tí wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì, torí omi àti títì Èkó ni wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà nílé, ẹ má jẹ́ ká fo ẹyọ kan. Nígbà tí àwọn akànìyàn bá dé, a ó lè sọ pé, "Ẹ ò tíì wọ ilé yẹn."

Iye wa lè má pọ̀. Ìwọ̀ Oòrùn náà ò pọ̀ lọ́dún 1955. Àmọ́ ẹni tí ò mọ iye ara rẹ̀, kò lè mọ iye tí wọ́n jẹ ẹ́.

Ọmọ yín ni mo jẹ́, láti ẹ̀ka ọ̀dọ́. Ibi tí mo bá ti ṣì í, ẹ̀yin àgbà, ẹ tọ́ mi sọ́nà.