Ẹ̀fọ́ Gúúsù Amẹ́ríkà: Èwo Ni Gbòǹgbò, Èwo Ni Àfòmọ́?

Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ọbẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí dùn gan-an, ṣùgbọ́n àìlówó ló bí i. Ẹ̀fọ́ tí àwọn èèyàn dúdú ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ń sè ni. Collard ni wọ́n ń pe ewé rẹ̀. Ìjà kékeré kan tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ nídìí ìkòkò rẹ̀ ló mú mi jókòó ti ìtàn rẹ̀.

Ọmọkùnrin mi fẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ Georgia. Ìyá ìyàwó rẹ̀, àna mi, ti lé ní àádọ́rin ọdún bíi tèmi, àwa méjèèjì la sì jọ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní ọdún tuntun kan tí mo wà lọ́dọ̀ wọn, mo gbọ́ ariwo nílé ìdáná. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀fọ́ collard àti ẹ̀wà olójú dúdú ni wọ́n máa ń jẹ níbẹ̀: ẹ̀wà fún oríire, ẹ̀fọ́ nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ jọ owó bébà wọn. Ṣùgbọ́n dókítà ti sọ fún àna mi pé kó yé jẹ ẹ̀fọ́ náà bó ṣe máa ń sè é, torí iyọ̀ àti ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ inú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá ra ewé wálé, ó ní òun á fi òróró díẹ̀ yí i lórí iná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó parí. Àna mi ju ṣíbí sílẹ̀. Ó ní: "Ìyá mi ló kọ́ mi ní ọbẹ̀ yìí. Bí ẹ bá yọ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kúrò, ìyá mi lẹ yọ kúrò níbẹ̀." Ló bá yíjú sí mi: "Prófẹ́sọ̀, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn, ẹ sọ̀rọ̀."

Ẹ gbà mí o! Ta ló máa ń dá sí ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ àna? Mo ní kí wọ́n fún mi láyè kí n ronú. Ohun tí mo sọ fún wọn nígbà tó yá ni mo tò sísàlẹ̀ yìí. Mo kàn fi ọdún àti iye sí i ni.

Ẹ rántí bí a ṣe máa ń tú ọ̀rọ̀ palẹ̀ ní kíláàsì: a ó ya àfòmọ́ sọ́tọ̀, a ó yà á sọ́tọ̀, títí a ó fi kan gbòǹgbò. Ẹ jẹ́ ká tú ìkòkò yìí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ewé fúnra rẹ̀. Ìbátan kábéèjì ni collard, ẹ̀yà kan náà ni wọ́n, àfi pé òun kì í di orí bíi kábéèjì; ńṣe ni ewé rẹ̀ máa ń tẹ́ gbalasa. Agbègbè òkun Mẹditaréníà ni ìran rẹ̀ ti wá, àwọn òyìnbó ló gbé e kọjá òkun. Orúkọ rẹ̀ pàápàá, inú "colewort", ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ló ti jáde. Nítorí náà, ewé náà kì í ṣe ti Áfíríkà, orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ti Áfíríkà.

Àwọn orúkọ oúnjẹ mìíràn wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti Áfíríkà. Okra, ilá tiwa, èdè Ìgbò ló ti wá. Gumbo wá láti inú àwọn èdè Bàǹtú. Goober, tí wọ́n ń pe ẹ̀pà, èdè Kóńgò ni. Lorenzo Dow Turner, onímọ̀ èdè tó jẹ́ èèyàn dúdú Amẹ́ríkà, gbé ìwé rẹ̀ lórí èdè Gullah jáde ní 1949. Ó fi hàn níbẹ̀ pé àwọn ará etíkun South Carolina àti Georgia ṣì ń lo ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ àti orúkọ láti inú èdè Áfíríkà, Yorùbá sì wà lára wọn.

Ṣùgbọ́n "ẹ̀fọ́" kò di orúkọ ọbẹ̀ yìí ní Georgia. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíl, ó dúró: títí dòní, efó ni wọ́n ń pe ọbẹ̀ ewé tí wọ́n fi epo pupa àti edé gbígbẹ sè. Kí ló fa ìyàtọ̀? Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lọ sí Bahia pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì débẹ̀ ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, nígbà tí ogun ń fọ́ ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn tí wọ́n kó tààrà láti Áfíríkà lọ sí ibi tó di Amẹ́ríkà lónìí jẹ́ bíi 388,000. Kóńgò, Àǹgólà àti Senegáḿbíà ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Díẹ̀ ni Yorùbá inú wọn. Nítorí náà, kí ọmọ Yorùbá kankan má dìde pé àwa la ni collard o.

Kí ló wá ti Áfíríkà débẹ̀? Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sè é. Àwọn obìnrin tí wọ́n kó lẹ́rú mọ bí a ṣe ń kó ewé púpọ̀ sínú ìkòkò kan, kí ẹran tàbí ẹja díẹ̀ fún un ládùn, kí a sì fi òkèlè jẹ ẹ́. Ní tòótọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà máa ń se ewé pẹ̀lú ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ nílẹ̀ wọn. Ọ̀nà méjèèjì ló pàdé nínú ìkòkò àwọn ẹrú.

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ náà wá ńkọ́? Ẹ gbọ́ ohun tí Frederick Douglass kọ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ ní 1845. Ní oko tó gbé ní Maryland, ẹlẹ́dẹ̀ pọ́ùn 8, tàbí ẹja tó tó bẹ́ẹ̀, àti ìyẹ̀fun àgbàdo bushel kan ni wọ́n ń wọ̀n fún àgbàlagbà ẹrú lóṣù kan. Pọ́ùn 8 jẹ́ bíi kílò 3.6. Bí a bá pín in sí ọgbọ̀n ọjọ́, gíráàmù 120 ni lójúmọ́, fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oko látàárọ̀ dalẹ́. Torí pé kò sí fìríìjì nígbà náà, iyọ̀ àti èéfín ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹran kó má baà bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹrú sì ń dá ọgbà kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré wọn, tí wọ́n ń ro lóru àti lọ́jọ́ Ìsinmi. Ibẹ̀ ni ewé ti ń wá. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀: ewé kún ìkòkò, ẹran kò tó nǹkan. Iyọ̀ tó wà níbẹ̀, ọ̀gá ló fi sí i, kí ẹran rẹ̀ má baà rà.

Ìgbà tó yá ni gbogbo rẹ̀ yí padà. Òmìnira dé ní 1865. Láàárín nǹkan bíi 1910 sí 1970, mílíọ̀nù mẹ́fà èèyàn dúdú ṣí kúrò ní gúúsù lọ sí Chicago, Detroit, New York àti ibòmíràn. Wọ́n gbé ìkòkò wọn dání. Ní ọdún 1960 sókè ni orúkọ náà "soul food" gbajúmọ̀, tí oúnjẹ ilé di ohun àmúyangàn. Ẹran tó jẹ́ ẹ̀kírí kan tẹ́lẹ̀ wá di púpọ̀, ó sì rọjú ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan láàárín wọn pariwo. Elijah Muhammad kọ ìwé lórí oúnjẹ ní 1967, ó ní kí wọ́n jáwọ́ nínú ẹlẹ́dẹ̀ pátápátá. Dick Gregory, aláwàdà tó di ajàfẹ́tọ̀ọ́, kọ tirẹ̀ ní 1973 lórí èso àti ewé. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ẹnu dókítà la ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ìmọ̀ ìṣègùn náà wá dá sí i. Ní 1997, àwọn olùwádìí gbé èsì ìwádìí tí wọ́n ń pè ní DASH jáde. Àgbàlagbà 459 ló kópa, èèyàn dúdú sì ju ìdajì wọn lọ. Àwọn tó jẹ ewé àti èso púpọ̀, pẹ̀lú wàrà tí ọ̀rá rẹ̀ kéré, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lọ sílẹ̀, ó sì lọ sílẹ̀ jù lára àwọn èèyàn dúdú. Ní 2001, wọ́n fi iyọ̀ dídínkù kún un, ó tún lọ sílẹ̀ sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ wa má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn ṣíbí tíì kan péré. Ẹ̀yin ará, ewé kò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Ewé gan-an ni oògùn.

Kí wá ni gbòǹgbò ọbẹ̀ yìí? Ewé, omi, iná tó pẹ́, àti omi ẹ̀fọ́ tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò. Potlikker ni wọ́n ń pe omi náà. Búrẹ́dì àgbàdo ni wọ́n ń tì bọ̀ ọ́. Ní 1931, Huey Long, olóṣèlú Louisiana, àti ìwé ìròyìn kan ní Atlanta bá ara wọn jà lórí rẹ̀: ṣé kí a ki búrẹ́dì bọ̀ ọ́ ni, àbí kí a rún un sínú rẹ̀? Nílé wa, bí a bá bọ ẹ̀fọ́ tán, a ó fún omi rẹ̀ dànù. Ohun tí àwa ń dà nù ni wọ́n ń mu, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èròjà aṣaralóore tó ń yòrò sínú omi máa ń sá lọ.

Mo wá sọ fún àwọn méjèèjì pé wọ́n jẹ̀bi. Ìyá di àfòmọ́ mú, ó ń pè é ní gbòǹgbò. Ọmọ fẹ́ já àfòmọ́, ó já gbòǹgbò mọ́ ọn, torí pé ẹ̀fọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní omi tí èèyàn á mu. Mo bi àna mi pé: "Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá rántí ọbẹ̀ ìyá yín, kí lẹ kọ́kọ́ ń gbóòórùn?" Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní: "Èéfín."

Ó parí. Ká fi èéfín sílẹ̀, ká yọ iyọ̀. Bí a ṣe sè é nìyí. A ra ewé pọ́ùn 2, a yọ igi àárín rẹ̀, a fi omi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta torí iyanrìn, a gé e wẹ́wẹ́. A fi òróró ṣíbí ọbẹ̀ méjì yí àlùbọ́sà ńlá kan àti ààyù mẹ́rin. A fi apá tòlótòló yíyan kan sí i. Iyọ̀ máa ń wà nínú èyí náà o, ẹ má jẹ́ kó tàn yín. A ti kọ́kọ́ bọ̀ ọ́, a da omi yẹn nù, a sì bó awọ rẹ̀. A bu omi ife mẹ́rin sí i, ata gígún díẹ̀, a kó ewé lé e, a dé e. Iná kékeré, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Nígbà tó jinná, a wọ́n fínígà ṣíbí kan sí i, torí ìkan máa ń jẹ́ kí ahọ́n gbàgbé iyọ̀. A ò fi iyọ̀ kankan sí i. Mo dábàá irú tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará ilé. Àna mi gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n gbé e jáde síta. (Ìkìlọ̀ kan: ẹni tó bá ń lo warfarin kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó yí iye ewé tó ń jẹ padà, torí fítámì K inú rẹ̀.)

Àna mi mu omi rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ó ní, "Kò rí bíi ti ìyá mi." Ọkàn mi já. Ó tún bu omi mìíràn, ó ti búrẹ́dì bọ̀ ọ́. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ìyá mi á mọ̀ ọ́n." Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín wọn o. Ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, irú, edé àti ẹja gbígbẹ ló ń mú ẹ̀fọ́ ìyá mi dùn. Lónìí, mo máa ń dé ilé tí wọ́n ti ń ju magí mẹ́rin sínú ìkòkò kan, kí iyọ̀ gan-an tó wọlé. Ẹ ní kí wọ́n dín in kù, wọ́n á ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé àwọn nìyẹn. Iṣẹ́ àṣetiléwá tí mo fún yín rèé: ẹ lọ tú ìkòkò ilé yín palẹ̀, kí ẹ sì sọ èyí tó jẹ́ gbòǹgbò níbẹ̀ fún mi. Ìlera loògùn ọrọ̀. Ó dìgbà.