Kabaddi, Eré Èémí Kan

Ìlà kan tí wọ́n fà sílẹ̀ ti tó fún àwọn ọmọ Íńdíà láti ṣe kabaddi. Ọmọ kan yóò ré ìlà kọjá sọ́dọ̀ àwọn alátakò, yóò máa pe "kabaddi, kabaddi" lórí èémí kan ṣoṣo, yóò fọwọ́ kan ẹni tó bá bá, yóò sì sá padà. Bí wọ́n bá dì í mú títí èémí fi tán, ó kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá pa alátakò kan, ó lè jí dìde. (Ikú tó dùn!)

Ní Bangladesh, òun ni eré ìdárayá orílẹ̀-èdè.

Wọ́n fi í hàn ní Berlin lásìkò Òlíńpíìkì 1936. Nígbà tó wọ Ìdíje Éṣíà ní 1990, Íńdíà ló gba wúrà, wọn kò sì jẹ́ kó bọ́ títí di 2018, tí Ìráànì gbà á lọ́wọ́ wọn, tọkùnrin tobìnrin.