Okùn Gìtá Béèsì: Ṣé Tuntun ni ó Dára Jù?

Kí ni ó yẹ kí ó pinnu irú okùn tí olórin yóò fi sí gìtá béèsì? Nígbà tí Leo Fender gbé gìtá béèsì oníná rẹ̀ jáde ní Kalifóníà ní 1951, béèsì onígi ńlá tí a ń dúró ta ni ó gbilẹ̀ nínú orin jáàsì. Okùn tí a fi wáyà pẹlẹbẹ wé sún mọ́ ohùn rẹ̀: ó ń yọ̀ lábẹ́ ìka, ohùn rẹ̀ wúwo, ó sì tètè ń rọlẹ̀. Ní nǹkan bí 1966, Rotosound ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé okùn oníwáyà róbótó lárugẹ. Èyí ń dún gooro, ohùn rẹ̀ sì ń pẹ́. Ọ̀pọ̀ olórin sáré tẹ̀lé e.

James Jamerson kò sáré. Ó ti ta béèsì onígi nínú jáàsì ní Detroit kí ó tó di òpó nínú orin Motown. Okùn pẹlẹbẹ ni ó dì mú títí ó fi kú ní 1983. Wọ́n ní kì í pààrọ̀ rẹ̀ àfi bí ó bá já.

Nínú jáàsì àti orin ìhìnrere, béèsì ni ìpìlẹ̀ tí ohùn akọrin dúró lé. Kò yẹ kí ó bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kí béèsì ṣíwájú orin lè yan okùn róbótó. Iṣẹ́ ni ó ń yan irinṣẹ́, kì í ṣe àṣà ìgbà.