Lìkáfà: Ibi Tí Ẹsẹ̀ Ẹlẹ́ṣin Ń Dúró



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tẹ̀ mí láago pé wọ́n ti gbé òun ga níbi iṣẹ́. Inú mi dùn, mo ní, "Lìkáfà á máa gòkè sí i o." Ó ṣe àmín, ó wá bi mí pé, "Ṣùgbọ́n Prof, kí ni lìkáfà gan-an?" Ẹ̀rín pa mí. Èmi náà ti ń ṣàdúrà yẹn fáwọn èèyàn tipẹ́tipẹ́ kí n tó fi ẹsẹ̀ ara mi mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Lìkáfà ni irin tó rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ gàárì lọ́tùn-ún lósì, tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọmọ bíbí ilé wa. Ọwọ́ àwọn Hausa la ti yá a, likkafa ni wọ́n ń pè é. Àwọn náà yá a láti inú èdè Lárúbáwá, níbi tó ti ń jẹ́ rikāb. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà wọlé, ẹṣin àti ohun èlò rẹ̀ gba ibẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀yọ́-Ilé wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ẹṣin sì rọ́wọ́ mú níbẹ̀ ju inú igbó lọ, níbi tí eṣinṣin tsetse ti ń fi àìsàn pa wọ́n. Ọ̀dọ̀ àwọn ará àríwá ni Ọ̀yọ́ ti ń ra ẹṣin. Àwọn ẹlẹ́ṣin wọ̀nyí ni wọ́n kó ogun wọ Dahomey ní 1726.

Ayé ti ń gun ẹṣin tipẹ́ kí lìkáfà tó dé. Àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́ kò ní in. Itan ni wọ́n fi ń di ẹ̀yìn ẹṣin mú, ẹsẹ̀ á sì máa rọ̀ dirodiro. Ilẹ̀ Ṣáínà ni a ti rí àwòrán lìkáfà méjì-méjì ní ọ̀rúndún kẹrin lẹ́yìn ikú Jésù, kó tó tàn ká ayé. Ìgbà tó dé ni ẹlẹ́ṣin rí ibi tẹsẹ̀ lé: ó lè nàró lórí ẹṣin tó ń sáré, kó ju ọ̀kọ̀, kó sì wo iwájú.

Ṣùgbọ́n irin tó ń gbéni ró yìí náà lè pani. Ní 1983, mo lọ ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ àyálò ní Ìlọrin. Bàbá kan tó ń tọ́jú ẹṣin ní kí n gun ọ̀kan wò. Bí mo ṣe gùn ún tán, mo ki ẹsẹ̀ bọ lìkáfà títí dé gìgísẹ̀, mo rò pé bó bá ṣe wọlé tó ni yóò ṣe dá mi lójú tó. Bàbá kígbe, "Tíṣà! Fa ẹsẹ̀ rẹ sẹ́yìn! Bí ẹṣin bá dà ọ́ nù báyìí, yóò wọ́ ọ lọ ni!" Kó tó sọ ọ́ tán, alùpùpù kan kọjá, ẹṣin ta, mo já bọ́. Ẹsẹ̀ mi kan há sínú irin. Ọpẹ́lọpẹ́ Bàbá tó ti di ìjánu mú! Ọrùn ẹsẹ̀ mi wú fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Nígbà tí mo padà lọ, ó kọ́ mi. Iwájú àtẹ́lẹsẹ̀, níbi tó gbòòrò jù, ni kó tẹ irin. Gìgísẹ̀ ni kó rẹlẹ̀ ju ọmọ ìka lọ. Kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀, kó má fún gàárì bí ẹ̀mú, torí bó o bá fún un, gìgísẹ̀ á gòkè, ìdí rẹ á sì kúrò lórí gàárì. Kí ẹsẹ̀ wà lábẹ́ ara gan-an, kó má lọ síwájú bíi ti ẹni tó jókòó sórí àga: bí wọ́n bá na okùn láti èjìká rẹ wálẹ̀, kó gba ìbàdí kọjá kó tó kan gìgísẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwúwo rẹ á wálẹ̀ sí gìgísẹ̀, ẹṣin ì báà ta, ọrùn ẹsẹ̀ ni yóò gbà á. Bí o bá sì ṣubú, ẹsẹ̀ á yọ wọ́ọ́rọ́.

Bàbá tún sọ pé kí n má so lìkáfà ga jù: orúnkún á ká, n ó kàn gbé ìdí lé gàárì bí ẹyẹ lórí ẹ̀ka ni. Kí n má sì so ó gùn jù: n ó máa fi ọmọ ìka wá irin kiri.

Ohun tí mo sọ fún ọmọ mi lórí fóònù nìyẹn. Àdúrà wa dára, kí lìkáfà gòkè. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ẹṣin mọ̀ pé bí èèyàn bá ń gòkè, gìgísẹ̀ rẹ̀ ni kó máa wálẹ̀, kó sì ki ẹsẹ̀ bọ ipò náà níwọ̀n, kó lè rọrùn láti yọ. Ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ náà ló ń bọ̀.

Lìkáfà gbogbo yín á máa gòkè o. Ire o.